Ojú Ènìyàn Ni Kí O Wò, Má Wo Tẹlifíṣọ̀n

Láti ìgbà tí mo ti pa ṣọ́ọ̀bù mi tì ní Ayétòrò, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí bí wọ́n bá bá mi níwájú ilé. Wọn kì í béèrè bóyá mo ti jẹun. Wọ́n á yọ fóònù jáde, wọ́n á fi àwòrán bọ́kísì tẹlifíṣọ̀n hàn mí, wọ́n á ní, "Bàbá, èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò ní máa háńgì?" Èmi náà á bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń pin sí. Wọ́n ti mọ iye tí wọ́n fẹ́ ná, wọ́n ti mọ èyí tí ọ̀rẹ́ wọn ní, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ronú kan ohun tí wọ́n fẹ́ wò.

Títún rẹ́díò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mo fi ayé mi ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí wọ́n ti ń sọ fún pé iṣẹ́ ọwọ́ ti kú. Kò kú. Mo ti rí i tó pààrọ̀ aṣọ nígbà púpọ̀, mo sì ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí kò dá a mọ̀ mọ́ nígbà tó wọ aṣọ tuntun. Àwọn ló ń sọ pé ó kú.

Ìlaró ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bàbá mi, àgbẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, ló mú mi lọ, inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn, nítorí èmi ni ọwọ́ mi yá jù nídìí ẹ̀gẹ́ gbígbìn. Ọ̀gá Àkànní ni wọ́n ń pe ọ̀gá mi. Ó kúrú, ó sì máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ lé iwájú orí, àfi bí ẹni pé iwájú orí ló fi ń ríran. Ti owó ìkọ́ṣẹ́ àti èrè tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ kò tó ohun tí à ń jókòó sọ. Ẹni tó bá fẹ́ là kíákíá, kó má wulẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa.

Ọ̀gá le. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin gbígbóná tí a fi ń lẹ wáyà. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé tẹlifíṣọ̀n tí a ti tún ṣe lé orí, kí n máa tẹ̀ lé e lọ sílé oníbàárà. Nítorí Ọ̀gá kì í jẹ́ kí oníbàárà wá gbé ẹrù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó máa gbé e délé ni, á so ó pọ̀, á wá jókòó ti àwọn onílé títí ètò kan á fi bẹ̀rẹ̀ tí á sì parí. Ní tèmi, mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ló ń wá. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, kì í kọ̀ ọ́, ìyẹn ò ṣeé gbójú fò.

Lọ́jọ́ kan, a jókòó sílé ọkùnrin kan tó ń ta irin. Eré ń lọ, mo ranjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rín ń pa mí. Ọ̀gá fi ìka gbá mi lórí.

"Kí lò ń wò?"

"Tẹlifíṣọ̀n ni, sà."

"Àwọn tó ni ín ń wò ó. Ta ló rán ìwọ níṣẹ́ yẹn? Ojú ènìyàn ni kí o wò, má wo tẹlifíṣọ̀n."

Nígbà tí a ń padà lọ, ó wá ṣàlàyé. Ó ní ṣé mo rí i bí bàbá onílé ṣe ń wọ́ àga sún mọ́ iwájú? Àwòrán dára lójú rẹ̀, ohùn ni kò dé etí rẹ̀. Ó ní ṣé mo rí ìyàwó rẹ̀ tó ń gbójú kúrò, tó tún ń gbé e padà? Àwòrán ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ojú àwa tí a ti mọ́ ọn lára kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń rẹ ojú tirẹ̀. Ó ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ lè purọ́ fún ọ pé ara òun ti yá. Ojú ẹni tó ń wò ó kò mọ irọ́ yẹn pa." Lọ́jọ́ kejì, a padà lọ tún tẹlifíṣọ̀n náà ṣe, wọ́n sì tún fún wa lóúnjẹ.

Iṣẹ́ wa lẹ́bàá bọ́dà yàtọ̀ sí ti àwọn ará Èkó. Èyí tó pọ̀ jù nínú tẹlifíṣọ̀n agbègbè wa, Kútọnu ni wọ́n ti ń rà á wá, ìlànà àwọn Faransé ni wọ́n sì fi ṣe é. Bí o bá tan án sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà, àwòrán á jáde láìní àwọ̀, ohùn á máa hó yàà, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní sí ohùn rárá. Ẹni tó rà á á gbé e wá pẹ̀lú ìbínú pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Tẹlifíṣọ̀n yín ò bàjẹ́. Èdè tí wọ́n ń bá a sọ ni kò gbọ́." Á ṣí i, á fi ohun tó máa jẹ́ kó gbọ́ ti Nàìjíríà kún un, á sì fi ti Faransé sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ máa wo Kútọnu. Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ìyẹn: ẹ̀rọ lè dára tán, kó má sì gbọ́ èdè ohun tí o fẹ́ gbé fún un.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí bọ́dà títì, ìjọba ológun ló wà lórí oyè, mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ohun èlò tí a ń rí rà lọ́hùn-ún dáwọ́ dúró pátápátá. Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tilẹ̀kùn. Ọ̀gá ní ká kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó ti kú jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń yọ ẹ̀yà ara òkú láti fi gba ààyè là. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti mọ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan ń wá láti Kútọnu wọ́ọ́rọ́wọ́, mi ò bá kàn mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ ni, mi ò ní mọ ìdí tí a fi ń pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àjálù náà. Nígbà yẹn, ọ̀pá gíga la fi ń gbé èríà sókè kó lè mú iléeṣẹ́ dáadáa, ti ṣọ́ọ̀bù wa ló sì ga jù ládùúgbò. Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú, a ń dán àwọn tẹlifíṣọ̀n wò, gbogbo wọn ló wà lára wáyà èríà. Àrá sán. Iná bulú kan gba ara wáyà wọlé, gbogbo ṣọ́ọ̀bù rùn bí ìwo ẹran tó jó. Kò pa ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù àwọn oníbàárà tó wà lórí tábìlì ló kú, irú ikú tí ẹ̀yà ara ibẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo rò pé a máa tilẹ̀kùn ká sá. Ọ̀gá wẹ̀, ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. A ń lọ láti ilé dé ilé. Níbi tí a bá dé, á jókòó, á wo ojú onílé, á wá sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: "Ẹrù yín jó lọ́wọ́ mi." Àwọn kan bá wa kẹ́dùn. Àwọn kan bú wa. Àlàájì kan lé wa jáde, ó sì ju bàtà Ọ̀gá tẹ̀ lé e. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi í pé ṣé kò ní sàn ká jẹ́ kí wọ́n wá fúnra wọn. Ó ní, "Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, á bínú sí mi. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, kò ní gbà mí gbọ́ mọ́." Àlàájì yẹn gan-an ló kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣọ̀n mìíràn wá fún Ọ̀gá láti tún ṣe nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀. Títí dòní, bí òjò bá ti ṣú, ọwọ́ mi ti ń lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n láti yọ wáyà èríà.

Ọ̀gá Àkànní gbà mí láyè láti lọ dá dúró, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ayétòrò. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, mo kọ́ bí a ṣe ń fọ orí ẹ̀rọ tó ń kà á. Sídíì dé, gbogbo ayé ní kásẹ́ẹ̀tì ti parí. Fláàṣì dé, sídíì di ohun tí àwọn àgbẹ̀ fi ń lé ẹyẹ lóko. Lẹ́yìn náà ni àwọn bọ́kísì kékeré tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n dé, tí àwòrán ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà wá ń jáde láti inú ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá dé, èmi náà á di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ padà, ó sì máa ń dùn mí díẹ̀ kí ó tó wá dùn mọ́ mi.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi wáyé nígbà tí wọ́n tún ti bọ́dà, kí àrùn kòrónà tó dé. Mo ti ń dágbére fún iṣẹ́ nígbà yẹn, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí wáyà tín-ín-rín mọ́. Tájù wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Oògùn oko ló ń tà ní Ìwòyè-Kétu, mo sì ti mọ̀ ọ́n ọjọ́ pẹ́. Ọ̀kadà ló gùn wá, eruku ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di pupa. Ó tú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì mi.

"Bàbá, ẹ bá mi wo àwọn olè méjì yìí."

Èyí àkọ́kọ́ rí gbọọrọ bíi fláàṣì, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ojú tí a lè ki mẹ́mọ́rì bọ̀ lára rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá fẹ́ ṣe, íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ Ìwòyè ni wọ́n fẹ́ lò ó, níbi tó jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló ń kí fóònù káàbọ̀ nínú yàrá. Ìkejì jẹ́ bọ́kísì dúdú kan tó ń dán, wọ́n kọ 8K, nọ́ńbà àwòrán tó mọ́ gaara jù, gàdàgbà sí i lórí. Bí mo ṣe tan án, Faransé ló fi kí wa.

"Ojúlówó Kútọnu nìyẹn, sà," Tájù ní. "Ọ̀nà igbó ló gbà wọlé."

Lágbègbè wa, bí o bá ti ní Kútọnu ni nǹkan ti wá, ẹjọ́ parí. Bí bọ́dà bá wá tì, ó tún le sí i. A máa ń gbà pé ohun tí wọ́n fi ẹ̀mí wewu gbé la inú igbó kọjá kò lè jẹ́ ayédèrú. Èmi ò mọ ẹni tó kọ́ wa nírú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Tájù tilẹ̀ ń tẹ àwọn ohun tí kò yé e, nítorí pé Faransé ni, ó sì ka àìyé yẹn mọ́ ara ojúlówó rẹ̀.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi wò?"

Ó wọ́ àga. Ó jókòó, ó sọ fún mi.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àbẹ̀kẹ́, ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù láyé, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kétu lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló lọ́kọ sí. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, bí ẹni lọ sọ́jà ni wọ́n ń lọ wo ara wọn. Nígbà tí bọ́dà tì ni Àṣàkẹ́ kú. Àwọn ọ̀dọ́ ń gba inú igbó kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Màmá ò gbé e mọ́, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló ń rí.

Nínú ìdílé tiwọn, bí wọ́n bá sin àgbàlagbà obìnrin, àwọn obìnrin ilé á ki oríkì rẹ̀ ní ojúde. Bí wọ́n bá ki oríkì náà dé ibì kan, ẹni tó ń ṣíwájú á béèrè pé, "Ta ló kù nílé?" Ọmọ ìyá olóògbé ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó gbọ́dọ̀ ní, "Èmi ni. Ilé kò tíì ṣófo." Nígbà náà ni oríkì tó lè máa lọ. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló sì kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Wọ́n pè é sórí fóònù lọ́jọ́ náà kó lè ti ibẹ̀ dáhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé kí wọ́n tó débẹ̀.

"Ọlọ́kadà kan ló bá wa mú mẹ́mọ́rì fídíò náà wá," Tájù ní. "Màmá ní òun á dáhùn níwájú rẹ̀. Òun á dáhùn ní ojú ibẹ̀ gan-an. Àmọ́ kò lọ geere, Bàbá. Ó ń há níbí, ó ń há lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá wá béèrè ìbéèrè yẹn, ó tún há. Mo bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, oríkì ti ń lọ. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ní kọ̀ǹpútà ní Ìmẹ̀kọ kó bá mi sọ ọ́ di kékeré. Ó sọ ọ́ di kékeré, àmọ́ ẹnu ti pa dé, ohùn ṣì ń bọ̀."

"Kí ni Màmá wí?"

"Màmá ní àwọn ará Kétu ò dúró de òun. Ó ní wọ́n béèrè ẹni tó kù nílé, wọ́n sì kọjá lọ bí ẹni pé òkú ni gbogbo wa. Látìgbà yẹn, bí wọ́n bá pe Màmá láti Kétu, kì í gbé fóònù." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, eruku náà di ẹrẹ̀. "Màmá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jà rí, Bàbá. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n kú tán ni Màmá wá ń bá ilé rẹ̀ jà."

Mo ti mọ ohun tí mo ń wá wàyí. N kò wá bọ́kísì tó ń dán. Mo ń wá èyí tó máa gbọ́ èdè fídíò yẹn, tí kò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ obìnrin àgbà lẹ́nu.

Mo kọ́kọ́ tọ́jú iná rẹ̀. Ara tẹlifíṣọ̀n ni Tájù ti ń fa iná fún bọ́kísì Kútọnu, ebi iná sì ń pa á. Mo fún un ní ṣájà tirẹ̀, ó sàn díẹ̀, ó tún há. Mo wá yẹ fídíò náà wò. Kámẹ́rà ńlá tuntun ni wọ́n fi yà á, irú èyí tó ń di àwòrán pọ̀ tìpẹ́tìpẹ́ kó má baà gba àyè. Bọ́kísì tó bá máa gbé e gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n dá sínú rẹ̀ láti tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Eléyìí kò ní in, bó ti wù kí nọ́ńbà orí rẹ̀ tóbi tó. Agbára lásán ló fi ń tú u, ó ń gbóná, bó bá rẹ̀ ẹ́, á dúró mí.

Bọ́kísì tí mo mú nígbẹ̀yìn, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílùú wa ni mo ti rà á nígbà tó ń kó lọ. Ara rẹ̀ ti ha, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ. Mo ki mẹ́mọ́rì Tájù gan-an bọ̀ ọ́, nítorí fídíò tí àwọn oníṣòwò fi ń polówó ọjà wọn kì í há ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá lọ rà: ohun tí ẹ fẹ́ wò nílé ni kí ẹ mú dání lọ. Mo jẹ́ kó lọ dáadáa, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kò gbóná. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fi dán an wò, mo sì pa á nígbà tí oríkì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ẹlòmíì kì í ṣe ohun tí à ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Tájù wò ó tìfuratìfura. "Bàbá, èyí? Kò tilẹ̀ sí nọ́ńbà lára rẹ̀."

"Ṣé nọ́ńbà ni Màmá fẹ́ gbọ́?"

Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e. Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Lójú ọ̀nà, wọ́n dá wa dúró níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ gbé bọ́kísì náà yẹ̀ wò, ó ní níbo la ti rà á. Mo rí i lójú Tájù pé ó fẹ́ fi ẹrù náà yangàn, pé ó fẹ́ sọ pé Kútọnu ni. Mo tètè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, mo ní Ayétòrò ni.

Màmá Àbẹ̀kẹ́ jókòó ní pálọ̀, ó ti wé gèlè, ó ti múra bí ẹni tó ń lọ ibi ọ̀fọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Mo ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, kí ariwo rẹ̀ má baà gba ohùn mọ́ ọn lára. Mo so bọ́kísì pọ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé kò ní há?"

"Mo rò pé kò ní há, Màmá."

"Tájù náà rò bẹ́ẹ̀."

Mo jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀. Fídíò bẹ̀rẹ̀. Ó lọ geere. Àwọn obìnrin Kétu bẹ̀rẹ̀ sí í ki Àṣàkẹ́, ọmọ a-bá-ni-gbélé-má-ṣorogún, ọmọ a-fún-ni-má-sìn-ín. Ètè Màmá ń bá wọn lọ. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ di apá àga mú, bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ìyá tó ń ṣíwájú gbé ohùn sókè: "Ta ló kù nílé?"

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Ẹnu Màmá ti là, ó tún pa á dé. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára àga. Mo mọ ojú yẹn, ojú ẹni tí wọ́n ti já kulẹ̀ tó fi mọ́ ọn lára ni. "Ó tún ti há," ó ní. Tájù ti na rìmóòtù láti tẹ̀ ẹ́ síwájú.

N kò mọ ohun tó mú mi ṣe ohun tí Ọ̀gá ní kí n má ṣe. Mo yíjú, mo wo tẹlifíṣọ̀n.

Etí gèlè àwọn obìnrin náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ ń mi ewé igi tó wà lẹ́yìn wọn. Adìyẹ kan kó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń gba iwájú wọn kọjá jẹ́jẹ́. Gbogbo àwọn obìnrin náà ló kọjú sí kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Mo di ọwọ́ Tájù mú.

"Kò há, Màmá," mo ní. "Wọ́n dákẹ́ ni. Gbogbo wọn ló kọjú síbí. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Kó tó yé e, oríkì ti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìṣáájú ti ń há níbi gbogbo débi pé nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ gidi dé, ẹ̀rọ náà la dá lẹ́bi. Tájù ló ti ń fi ìka ara rẹ̀ fo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Màmá kò bá a wí. Ó ní, "Dá a padà."

Tájù dá a padà. Màmá na ọwọ́, ó wá èjìká mi, ó fi dìde dúró. Wọ́n ki oríkì náà lọ, wọ́n ki oríkì náà bọ̀, ìyá náà tún gbé ohùn sókè: "Ta ló kù nílé?"

"Èmi ni," Màmá ní. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wá fìdí múlẹ̀. "Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni. Ilé kò tíì ṣófo."

Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ. Mo sunkún, n kò fi pamọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, mo sì rí ojú obìnrin náà dáadáa. Nínú gbogbo ojú tí mo ti jókòó wò láti Ìlaró, ìyẹn ni mo lè sọ pé ó tó mi.

Nígbà tó jókòó, ó bi mí pé, "Ó pẹ́ tí wọ́n fi dúró?"

"Ó pẹ́, Màmá. Adìyẹ kan kó ọmọ rẹ̀ la ojúde já, wọn ò tíì fọhùn."

"Adìyẹ wo nìyẹn?"

"Funfun ni. Kò sí ìyẹ́ lọ́rùn rẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ti Àṣàkẹ́ ni. Èmi ni mo fún un ní ìyá adìyẹ yẹn, nígbà tí ọ̀nà ṣì là." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Tájù, gbé fóònù. Pe Kétu fún mi, sọ fún wọn pé mo ti dáhùn."